Kí Ẹ Tó Fi Fèrèsé Onígíláàsì Méjì Sí Ilé

Ẹni tó bá ra ilé àtijọ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, yálà ní Peckham, ní Plumstead tàbí ní Catford, tó sì kó wọ inú rẹ̀ nígbà òtútù, kì í pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé owó tí òun san fún ilé náà kò tíì tán nílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé alásopọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí iná èédú ń jó nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, tí atẹ́gùn tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, nítorí òun ni iná náà ń mí sí, òun náà ló sì ń gbé èéfín gba ojú símínì jáde. Iná èédú ti kú tipẹ́, wọ́n sì ti fi pátákó dí ẹnu ààrò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún atẹ́gùn pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó ṣì ń wọlé lálaalẹ́, ó ń mi kọ́tìnnì, ó sì ń gba ooru tí a fi owó gáàsì rà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí gbogbo èèyàn yóò sọ fún irú onílé bẹ́ẹ̀ ni pé kó lọ fi fèrèsé onígíláàsì méjì sí i, dọ́bùlù gíléésìn tí gbogbo wa mọ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé àwọn èèyàn wa a máa yan fèrèsé bí ẹni ń yan aṣọ ẹbí: wọ́n á wo bó ṣe ń dán tó, wọ́n á béèrè iye tí aládùúgbò san, wọ́n á sì ra oríṣi kan ṣoṣo fún gbogbo ilé látòkè délẹ̀. Mo ti pààrọ̀ fèrèsé ilé tèmi, mo sì ti bá àwọn ará àti ọ̀rẹ́ jókòó ti olùtajà nígbà tí wọ́n ń ra tiwọn, èrò tó wá dúró sí mi lọ́kàn ni pé yàrá ló yẹ kó yan fèrèsé. Iṣẹ́ tí yàrá ń ṣe, ariwo tó dojú kọ, oòrùn tó ń rí àti omi tó ń tú sínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gíláàsì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a fẹ́ rà. Gíláàsì fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ooru lọ́nà. Ohun tó ń dá ooru dúró ni àlàfo tó wà láàárín gíláàsì méjèèjì, èyí tí wọ́n máa ń fi gáàsì argon kún, nítorí pé argon wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ooru kì í sì í tètè rìn gba inú rẹ̀ kọjá. Àlàfo tó dára jù máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 16. Bó bá fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, gáàsì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, á sì máa gbé ooru láti ara gíláàsì inú lọ bá ti ìta. Wọ́n tún ń fi ìbora onírin kan, tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú lásán kò rí i, pa gíláàsì inú níbi tó ti dojú kọ àlàfo, kí ó lè máa dá ìtànṣán ooru padà sínú yàrá.

U-value ni wọ́n fi ń díwọ̀n gbogbo èyí, ìyẹn iye wáàtì ooru tó ń gba ojú fèrèsé tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, sá lọ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí inú ilé fi gbóná ju ìta lọ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni fèrèsé ṣe dára tó. Ti gíláàsì ẹyọ kan sún mọ́ 5. Ti onígíláàsì méjì àtijọ́, tí kò ní ìbora tí kò sì ní argon, sún mọ́ 2.8. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, òfin ilé kíkọ́ ní England ní kí èyí tí a bá fi pààrọ̀ fèrèsé àtijọ́ má ṣe kọjá 1.4, tàbí kó wà ní ìpele B ó kéré tán nínú ètò tí wọ́n fi ń to fèrèsé sí ìpele. Bí fèrèsé kan bá jẹ́ mítà kan ààbọ̀ níbùú, mítà kan lóròó, tí inú yàrá sì fi dígírì 15 gbóná ju ìta lọ, gíláàsì ẹyọ kan yóò máa jẹ́ kí nǹkan bíi wáàtì 112 sá lọ láìdúró, nígbà tí ti òde òní kò ní jẹ́ kó ju 32 lọ. Nínú yàrá, ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó jókòó ti fèrèsé ni yóò kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ náà.

Olùtajà lè sọ pé ìbora wà lára gíláàsì nígbà tí kò sí. Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Lálẹ́, ẹ tan ìṣáná tàbí àbẹ́là, ẹ gbé e sún mọ́ gíláàsì láti inú ilé, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Iná mẹ́rin ni yóò hàn níbẹ̀, nítorí pé gíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ní àwọ̀ kan náà, kò sí ìbora. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, tó pọ́n díẹ̀ tàbí tó fara jọ àwọ̀ àlùkò, orí ojú yẹn ni ìbora wà, èkejì láti inú ilé ló sì yẹ kó jẹ́ nínú ilé tí a fẹ́ kó móoru. Bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ló yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n dojú gíláàsì dé, tàbí kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe láti lé oòrùn sẹ́yìn ni wọ́n tà fún yín.

Ẹ tún sọ fún olùtajà pé kó fi igun gíláàsì tí wọ́n gé fún àpẹẹrẹ hàn yín. Ọ̀pá kan wà tó ya gíláàsì méjèèjì nípa yíká etí wọn. Bí ẹ bá gbọn igun náà, àwọn wóró kéékèèké inú ọ̀pá yẹn á máa dún, wọ́n sì lè máa jábọ́ sórí tábìlì. Iṣẹ́ wóró yẹn ni láti máa mu omi tó bá wà nínú àlàfo. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀, ooru sì máa ń gba ibẹ̀ jáde, èyí ló fà á tí omi fi máa ń tò sí ìsàlẹ̀ gíláàsì nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ti òde òní tí wọ́n fi ike tàbí fọ́ọ̀mù ṣe, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní warm edge, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wóró náà bá mu omi yó, tàbí tí etí gíláàsì bá là, kùrukùru á dì sáàárín gíláàsì méjèèjì, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún. Bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín, tí férémù ṣì le koko, gíláàsì nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ olùtajà ni kò ní sọ èyí fún yín, nítorí férémù ni owó wọn wà.

Èrò fífi gíláàsì méjì sójú kan kì í ṣe ti àná. Thomas Stetson gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1865. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ti fi owó orí lé fèrèsé láti ọdún 1696 títí di 1851, àwọn onílé kan sì yàn láti fi bíríkì dí tiwọn ju kí wọ́n san án lọ. Lọ́dún 1959, ilé-iṣẹ́ Pilkington ní St Helens kéde ọ̀nà tí Alastair Pilkington fi ń da gíláàsì yíyọ́ sórí irin tin tó ti yọ́, tí gíláàsì náà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dán an. Ọ̀nà yẹn ló sọ gíláàsì ńlá tó jọ̀lọ̀ di ohun tí kò wọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí inú olùtajà kò ní dùn sí. Bí ó bá jẹ́ torí owó gáàsì nìkan ni ẹ ṣe fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé, ẹ kọ́kọ́ gòkè àjà lọ. Òwú tí wọ́n ń tẹ́ sí àjà, tí wọ́n gbani nímọ̀ràn pé kó nípọn tó mílímítà 270, kò wọ́n tó fèrèsé rárá, ó sì máa ń tètè dá owó rẹ̀ padà. Ìjọba pàápàá fi ìyàtọ̀ sí i: títí di ìparí oṣù Kẹta ọdún 2027, wọn kò gba VAT lórí irú òwú bẹ́ẹ̀ bí oníṣẹ́ bá wá tẹ́ ẹ sílé yín, ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT lórí fèrèsé. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún gan-an kí fèrèsé tó dá owó tí a ná lé e lórí padà. Ìdákẹ́jẹ́, ààbò àti ìtura ara ni mo fi ń gba èèyàn níyànjú láti rà á.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́, yàrá tó dojú kọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Bí gíláàsì méjèèjì bá nípọn bákan náà, ohùn kan náà ni wọ́n jọ ń gbọ̀n sí, ìró ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì tó wúwo sì máa ń rí àyè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń sùn ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ yẹ kó béèrè gíláàsì tí ìnípọn wọn kò dọ́gba, bíi mílímítà 6 níta àti 4 nínú, tàbí kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ laminated, ìyẹn awẹ́ gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ọ̀rá líle láàárín, torí pé ọ̀rá náà ló ń pa ìgbọ̀n ohùn. Bí ariwo náà bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, bíi ti àwọn tó ń gbé lẹ́bàá Old Kent Road, tàbí àwọn tí bàálù tó ń lọ sí Heathrow ń gba orí òrùlé wọn kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tó sàn jù ni kí wọ́n fi fèrèsé mìíràn sí ẹ̀yìn ti àtijọ́ láti inú, kí àlàfo mílímítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà láàárín wọn. Ìyẹn kì í gbówó lórí tó fèrèsé tuntun, kò sì ní ba ti àtijọ́ jẹ́. Àwọn ọmọ tó ń sùn ní ẹ̀yìn, tí wọ́n dojú kọ ọgbà, kò nílò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa gan-an ni omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ wo ilé Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé tí àlejò ń bọ̀. Ìkòkò mọ́ínmọ́ín wà lórí iná láti àárọ̀, ata ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ń wẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná lókè, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì wà lórí hítà kí ó lè gbẹ kó tó di Mọ́ńdè. Gbogbo omi yẹn kò lọ síbì kankan, inú afẹ́fẹ́ ilé ló wà. Nígbà tí fèrèsé àtijọ́ ń jò, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń bá atẹ́gùn jáde, èyí tó kù sì ń làágùn sára gíláàsì tútù, a ó fi aṣọ nù ún láàárọ̀, ó parí. Nígbà tí a bá wá fi fèrèsé tuntun sí i, tó sé pa, tí gíláàsì rẹ̀ kò sì tutù mọ́, omi náà yóò wá ibòmíràn tó tutù. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri ìta ló máa ń rí. Ní ìgbà òtútù tó bá tẹ̀ lé e, a ó rí i pé ògiri ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ó ń dúdú láti igun lọ, aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń rùn, a ó sì máa sọ pé fèrèsé tuntun ló fà á. A kò parọ́ tán. Òun ló dí ọ̀nà tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, a kò sì la òmíràn fún un.

Èbu ara ògiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin lásán. Ọmọ ọdún méjì kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, olùṣèwádìí ikú sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2022 pé èbu inú fúláàtì tí wọ́n háyà ló ba èémí rẹ̀ jẹ́. Látàrí rẹ̀ ni òfin fi wà báyìí tó ń de àwọn onílé ìjọba àti ti àjọ ilé gbígbé. Ẹni tó ni ilé tirẹ̀ kò ní onílé kankan tí yóò pè lẹ́jọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣètò atẹ́gùn.

Òfin ọdún 2022 tí mo mẹ́nu bà tún sọ pé kí fèrèsé tuntun má ṣe jẹ́ kí atẹ́gùn ilé burú ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ihò pẹlẹbẹ tó ní ìdérí lókè férémù, èyí tí wọ́n ń pè ní trickle vent. Àwọn èèyàn wa kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti rí i nínú ilé tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dí i pa, pẹ̀lú àlàyé pé àwọn kò lè fi owó ra òtútù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dí i. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹ sì fi fáànù tó ń fa èéfín jáde sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kì í ṣe irú èyí tó kàn ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àsẹ́ tó tún ń tú u padà sínú ilé. Bí ẹ bá wá rí i láàárọ̀ kan pé ara gíláàsì níta ló làágùn, ẹ má bẹ̀rù: ó fi hàn pé ooru inú ilé kò dé gíláàsì ìta. Tí ó bá jẹ́ inú yàrá ló ń làágùn, afẹ́fẹ́ ilé ló kún fún omi. Tí ó bá jẹ́ àárín méjèèjì, gíláàsì yẹn ti bàjẹ́.

Ní ti férémù, èmi kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Férémù uPVC, ìyẹn ike líle, ni kò wọ́n, kò ní kí a máa kùn ún, òun ló sì wà nínú ilé tó pọ̀ jù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó nípọn, ó ń jẹ nínú ìmọ́lẹ̀, pàápàá nínú fèrèsé kékeré. Alumíníọ̀mù le, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n irin ni, ooru ń sáré gba inú rẹ̀, àfi èyí tí wọ́n bá fi ike líle pín inú rẹ̀ sí méjì kí irin inú má bàa kan irin ìta. Igi ń béèrè ìtọ́jú àti ọ̀dà, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá dàgbà a ṣì lè tún un ṣe. Fún iwájú ilé ayé Victoria, níbi tí fèrèsé tí à ń fà sókè-sódò ti wà, ojú mi kò gba uPVC funfun. Igi ni mo fara mọ́ níbẹ̀, kí uPVC wà ní ẹ̀yìn níbi tí àwa nìkan ti ń rí i. Ẹni tí kò fẹ́ yọ férémù àtijọ́ náà lè béèrè gíláàsì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ kúrò pátápátá, irú èyí tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde láti tà ní àwọn ọdún 1990, tí ìnípọn rẹ̀ kò ju mílímítà 6 àti díẹ̀ lọ, tó sì lè wọ ojú ihò tí gíláàsì ẹyọ kan ti wà. Owó rẹ̀ ga.

Fèrèsé tó yọ ikùn síta ní iwájú ilé, tí wọ́n ń pè ní bay, ni kí ẹ ti la ojú jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, àwọn òpó tó wà láàárín gíláàsì rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń ru òrùlé kékeré orí rẹ̀, ìgbà mìíràn wọ́n tún ń ru fèrèsé yàrá òkè àti bíríkì tó yí i ká. Oníṣẹ́ tó bá kàn fà wọ́n yọ, tó sì ki férémù uPVC bọ ibẹ̀ láìfi òpó irin tó lè ru ẹrù sí igun kọ̀ọ̀kan, ti fi òkè ilé yín sí orí ike. Kì í wó lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa rì, ògiri òkè á máa sán, fèrèsé á sì le láti ṣí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi oníṣẹ́ níwájú bay: kí ni yóò máa ru ohun tó wà lókè, nígbà tí ẹ bá ń yọ ti àtijọ́ àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi tuntun sí i? Bí kò bá lè fi ìka tọ́ka sí ìdáhùn náà nínú àwòrán iṣẹ́ rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. A dàgbà nínú ilé tí irin wà lójú fèrèsé gbogbo, torí olè, àwọn kan nínú wa sì gbé èrò yẹn wá síbí. Nígbà tí iná bá sọ, irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé kò ní jẹ́ kí onílé jáde. Ní England, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ fèrèsé tí èèyàn lè gbà sá àsálà ni pé kí ibi tó ń ṣí tó mítà onígun mẹ́rin 0.33, kí ìbú tàbí òró rẹ̀ má dín sí mílímítà 450, kí ìsàlẹ̀ ibi tó ń ṣí má sì ga ju mílímítà 1,100 lọ láti ilẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá gba èèyàn jáde, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ti tuntun kò ní gbà á. Fún ìsàlẹ̀ ilé, gíláàsì laminated lè dá olè lágara láìsí irin, nítorí bí ó bá fọ́ pàápàá, kì í já. Bí gíláàsì bá sì wà nísàlẹ̀ mílímítà 800 láti ilẹ̀, tàbí tó wà lára ilẹ̀kùn nísàlẹ̀ mílímítà 1,500, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í ṣeni léṣe bí ọmọ bá sáré kọ lù ú. Àmì rẹ̀ máa ń wà ní igun gíláàsì, ẹ wò ó kí oníṣẹ́ tó kúrò.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ mọ ẹni tó ni fèrèsé. Ẹni tó ra fúláàtì lábẹ́ líìsì lè má ní férémù rẹ̀ rárá. Ti onílé ni, ìyọ̀ǹda ni yóò gbà. Àwọn ará wa tó ra fúláàtì káńsù mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nígbà tí káńsù bá pinnu láti pààrọ̀ fèrèsé gbogbo ilé, tí ìwé Section 20 sì dé, tó ń sọ iye tí yóò kan oníkálukú. Ní àwọn àdúgbò tí wọ́n ń tọ́jú ìrísí wọn, bíi Telegraph Hill ní Lewisham, àṣẹ pàtàkì lè wà tí kò ní jẹ́ kí ẹ pààrọ̀ fèrèsé iwájú láìgbàṣẹ. Ẹ tún rí i pé ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣe é wà nínú FENSA, ètò tí wọ́n fi ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ fèrèsé sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, tàbí nínú Certass, nítorí àwọn ni wọ́n lè fún yín níwèé ẹ̀rí láìsí pé ẹ pe àwọn olùyẹ̀wò ilé láti káńsù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ilé, ìwé yẹn ni agbẹjọ́rò ẹni tó fẹ́ rà á yóò béèrè.

Nípa iye owó, ó máa ń yà mí lẹ́nu. A ó ná owó ata rodo ní Rye Lane títí ọ̀rọ̀ á fi fẹ́ẹ̀ dìjà, ṣùgbọ́n bí olùtajà fèrèsé bá ti gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì, a ó kàn máa mi orí. Iye tó kọ́kọ́ ń dá kì í ṣe iye tó fẹ́ gbà. Yóò pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù lójú yín, yóò sì ní ọ̀gá ti gbà láti gé ìdajì kúrò bí ẹ bá lè fọwọ́ sí i lálẹ́ òní. Ẹ jẹ́ kó lọ sílé. Ẹ ní kó kọ iye fèrèsé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú irú gíláàsì, U-value gbogbo fèrèsé náà, kì í ṣe ti àárín gíláàsì nìkan tó máa ń kéré jù, àti irú ọ̀pá etí rẹ̀. Òfin tó fún oníbàárà ní ọjọ́ 14 láti yí èrò padà lè má dé ibi ohun tí wọ́n gé ní ìwọ̀n ilé yín, nítorí náà ẹ ka ohun tí àdéhùn sọ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ san owó àsansílẹ̀, ẹ fi káàdì ìyáwó (credit card) san án, kódà bó jẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀: bí iye iṣẹ́ náà bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ, Section 75 nínú òfin ọdún 1974 sọ pé báńkì náà yóò jẹ́ onígbèsè fún yín bí ilé-iṣẹ́ náà bá wọlẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ má jáde nílé. Silikóònù funfun lè bo ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó fi í sí i, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi fọ́ọ̀mù kún àyè tó wà láàárín férémù àti bíríkì yíká, tàbí wọ́n kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ wo ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde nísàlẹ̀ férémù, kí wọ́n má ti dí i. Ẹ mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbìyànjú láti tì í bọ inú trickle vent. Mo ti rí i rí tí wọ́n kan ìdérí rẹ̀ mọ́ férémù dáadáa, níta àti nínú, tí wọn kò sì lu ihò kankan sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́lé ní Ìbàdàn gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wo iye tí yóò jẹ́ láti kó irú fèrèsé yìí ránṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé gíláàsì tí wọ́n ṣe láti mú ooru dúró sínú ilé kì í ṣe ohun tí Ìbàdàn ń béèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ onígíláàsì méjì, kí ìbora rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń lé oòrùn padà, kó sì wà lára gíláàsì ìta. Kò sì ní ṣe wọ́n láǹfààní kankan nínú yàrá tí wọ́n bá ń ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Yàrá ibùsùn tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń kígbe lẹ́yìn rẹ̀, ni ó tọ́ sí. Fún pálọ̀, mo ní kí wọ́n fi louvre sí i pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, nítorí pé louvre ń ṣí ojú fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fún atẹ́gùn, nígbà tí alumíníọ̀mù tó ń rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Wọ́n gba ti yàrá ibùsùn. Ní ti louvre, wọ́n ní kí n má fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ilé tuntun wo ló ń lo louvre mọ́, àwọn ará àdúgbò á ní owó ti tán lọ́wọ́ àwọn.